Gíùkù

“Màmá, ṣé irọ́ lẹ pa fún mi ni?”

Danbi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò tíì bọ́ àpò ìwé kúrò lẹ́yìn tó fi béèrè. Ọwọ́ Hyangok, ìyá rẹ̀, dúró lórí ìrẹsì tó ń fi ewé inú òkun wé ní ilé oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Incheon, ní Kòríà Gúúsù.

“Irọ́ kí ni?”

“Tíṣà ní gíyọ́kù lorúkọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ní rárá, gíùkù ni, ìyá mi ló kọ́ mi. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá ní, níbo ni ìyá mi ti wá gan-an?”

Gíùkù ni wọ́n ń pe lẹ́tà náà ní Kòríà Àríwá, níbi tí wọ́n bí Hyangok sí. Ọdún mẹ́jọ ni Hyangok ti fi tún ahọ́n rẹ̀ ṣe ní Gúúsù yìí, tó ń sọ fáyé pé Gangwon, ní Gúúsù kan náà, lòun ti wá, wọ́n sì gbà á gbọ́ níbí yìí. Orúkọ lẹ́tà nìkan ni kò rántí pààrọ̀. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí àṣírí tú ni ìsinmi ti tán: àwọn kan ń wò ó bí amí, àwọn kan ń káàánú rẹ̀ bí ẹni pé ajá ìgboro ni. Ó kó kúrò ládùúgbò. Ó ti ń ro ibi tí wọn yóò tún kó lọ báyìí.

“Ìyá Danbi, ìrẹsì yẹn ń tutù o,” ni Sunrye, ọ̀gá rẹ̀, wí nídìí ẹ̀fọ́ tó ń fọ̀.

“Ẹ má bínú, Àǹtí.” Ó yíjú sọ́mọ. “Sọ fún Tíṣà pé Màmá ṣì í pè ni.”

“Ṣé òpè ni yín ni? Tíṣà ní òpè ni wọ́n ń gbé dòjé síwájú ẹ̀ tí ò ní mọ gíyọ́kù, torí wọ́n jọra.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn Hyangok wọra. Dòjé gan-an ni bàbá rẹ̀ gbé sílẹ̀ lóko àgbàdo lọ́jọ́ tó kọ́ ọ ní lẹ́tà náà, tó ní, “Wò ó dáadáa. Gíùkù nìyí.” Kò tún ní fojú kan bàbá yẹn mọ́ láyé.

“Bàbá mi kì í ṣe òpè,” ni Hyangok wí. “Òun ló kọ́ mi. Àríwá ni wọ́n bí mi sí, Danbi.”

Sunrye ti ẹ̀rọ omi pa. “Ọdún méjì la ti jọ ń jẹun, o ò sọ fún mi.”

 Hyangok ya ewé òkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ po bíi dòjé lórí pákó.

“Kí lèyí?” ló bi Danbi.

Danbi kọ́kọ́ wo ojú Sunrye. “Gíùkù,” ló sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Sọ ọ́ sókè,” ni ìyá rẹ̀ wí.