Ewé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ike

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tajà ni?"

Ìyáàfin Ọláídé na ìdì sítíkà kan sí Naomi, ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n Naomi ò gbà á. Ewé tútù kan ló wà lára sítíkà ọ̀hún. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tó bá ní ewé yìí lára yóò jẹrà di ilẹ̀. Abọ́ ike ìgbóúnjẹ ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ike lásán tó kún gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá.

Naomi náà ti gba ewé yìí gbọ́ rí, nígbà tí kò tíì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ló ń lẹ̀ ẹ́. Òun ló ní kí wọ́n fi abọ́ ọ̀hún bu oúnjẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ ní Ìgàndò. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìyá ìjọ ní ohun tó máa di ilẹ̀, inú ilẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ni wọ́n bá ri àwọn abọ́ náà mọ́ ilẹ̀ àánú, níbi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ lásán gbàdúrà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Eléyìí ò tiẹ̀ lò ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, òjò hú gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n ṣì ń dán. Èyí tó fọ́ nínú wọn gún bàbá arúgbó kan lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń gbàdúrà. Ìyá ìjọ ò bá Naomi wí, ó kàn ń wò ó. Ó dùn ún ju ìgbájú lọ.

Ọláídé ní ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ó ní ìjọba ò fẹ́ràn ike mọ́, ewé yìí ló ń fi oníbàárà lọ́kàn balẹ̀.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí Aasiyah, alásè kan láti Ìpájà, wọlé, ó mú abọ́ kan, ó ní òun fẹ́ abọ́ elẹ́wé.

"Ike ni, ẹ̀gbọ́n," Naomi dáhùn. "Kò lè jẹrà. Àwa la lẹ ewé mọ́ ọn."

Aasiyah gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ," ni Ọláídé wí.

Ẹ̀rù ba Naomi gan-an, torí iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n inú ń bí i ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lọ.

"Ẹ lè lé mi, Mọ̀ọ́mì, ṣọ́ọ̀bù yín ni. Àmọ́ ẹni tó bá bi mí kí n tó jáde, òótọ́ ni màá sọ fún un."

Obìnrin mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Naomi bọ́ sídìí káńtà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lẹ fẹ́ rà?"