Ẹ̀rọ Náà Mi Orí

“Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, Bọ̀dá mi. Díẹ̀ sí i. Ó tó. Dúró.”

Àwòdì dúró. Kì í kúkú ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ń lọ síbì kan. Orí afárá ló ti wà láti àárọ̀, ó ya ẹsẹ̀ gbàgà, ó so rìmóòtù kọ́rùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ní apá mẹ́rin tó ń kùn lójú sánmà. Dírónù ló dúró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi agboòrùn bo gíláàsì tó ń gbé àwòrán wá, ìka rẹ̀ méjì sì ń darí kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà. Nísàlẹ̀ afárá, àdúgbò tí àwọn káfíńtà àti àwọn alágbàfọ̀ ń gbé ti di odò. Òrùlé nìkan ló kù níta, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti rì sómi.

Báyìí ni iṣẹ́ wọn rí. Ẹni tó ń fò kò gbọdọ̀ wo àwòrán, nítorí bó bá gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, igi tàbí wáyà iná á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wo àwòrán kò sì gbọdọ̀ wòkè, nítorí ohun tó bá sá kọjá nígbà náà ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló so wọ́n pọ̀: sọ̀, gòkè, yí, padà, dúró. Bí àbúrò bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n kì í béèrè ìdí. Ìyá wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọ̀kan bá ní kí èkejì bẹ́ sí kànga, yóò kọ́kọ́ bẹ́ ná kó tó béèrè bóyá omi wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń pe ẹ̀gbọ́n ní Àwòdì. Àwòdì ló sọ àbúrò ní Ojú, ó ní lẹ́nu iṣẹ́ òun kò ní ojú mìíràn.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà, fíìmù Mínísítà ni wọ́n fẹ́ yà. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni ìjọba rí mú wá tó ní ẹ́ńjìnnì, mátírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì kó kún inú rẹ̀ títí dé etí. Mínísítà dúró síwájú nínú ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, bébà tí ilé ìtajà lẹ̀ mọ́ ọn ṣì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ síbi àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wá láti òpópónà gbígbẹ ti tò, tí wọ́n ń retí ìrànlọ́wọ́. Akọ̀wé Ìròyìn Mínísítà ló ń darí gbogbo rẹ̀ láti orí afárá. Ẹ-Tún-un-Ṣe ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí èèyàn ṣe rí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan.

Àwòdì ń gbé ẹ̀rọ yí ká kó lè lọ pàdé ọkọ̀ náà nígbà tí nǹkan sá kọjá lójú gíláàsì.

“Padà, Bọ̀dá mi. Padà sẹ́yìn. Èèyàn wà lórí páànù.”

Ó padà. Kò wo ibòmíràn, kò béèrè.

“Sọ̀. Sọ̀ sí i. Dúró.”

Obìnrin kan ni. Ó pọn ọmọ, ọmọbìnrin mìíràn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ń ju ṣíìtì ìbùsùn olódòdó sókè. Omi ti dé etí òrùlé. Nígbà tí ẹ̀rọ sọ̀ dé ọ̀gangan ojú rẹ̀, ó dẹwọ́ jíjù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ojú ń rí ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí dírónù kò ní etí, kò sì ní ẹnu. Obìnrin náà nàka sí omi, ó nàka sí àwọn ọmọ, ó wá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń béèrè pé, ṣé ẹ rí wa?

Kí ni èèyàn á ṣe? Ojú ṣe ohun tó máa ń ṣe níbi ìgbéyàwó nígbà tí àwọn ọmọdé bá ń juwọ́ sí ẹ̀rọ. Ó fi ìka gbé kámẹ́rà sókè, ó gbé e sódò, ó tún gbé e sókè, ó gbé e sódò. Ẹ̀rọ náà mi orí, bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí là ń ṣe níbí?” Àwòdì béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè. “Bátìrì ń lọ o.”

“Dúró, Bọ̀dá mi. Díẹ̀ péré.”

Ó mú un dúró gbọn-in. Nínú afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè mú un dúró bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wo orí tó ń mì. Ara rẹ̀ wá balẹ̀. Ó sọ ṣíìtì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí páànù, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ti rí ọkọ̀ wọ̀.

Ojú fò dìde. “Sà, ìyá ọlọ́mọ kan wà lórí òrùlé lọ́hùn-ún, òun àti ọmọ méjì. Omi ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọkọ̀ yẹn yà síbẹ̀.”

“A ti gbọ́,” Akọ̀wé Ìròyìn dáhùn. “Ẹ jẹ́ ká ya ti Ọ̀gá ná. Oòrùn ń lọ.”

“Kò jìnnà, sà. Tí wọ́n bá kó mátírẹ́ẹ̀sì mélòó kan kúrò…”

“Sisí, ta ló gbéṣẹ́ fún yín?”

Wọ́n ya ti Ọ̀gá. Lákọ̀ọ́kọ́, afẹ́fẹ́ gbé fìlà Ọ̀gá sómi. Ẹ tún un ṣe! Lẹ́yìn náà, Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti káàánú. Ẹ tún un ṣe! Lẹ́yìn náà ni mátírẹ́ẹ̀sì kan wó lu ẹni tó fẹ́ gbà á. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá gún, bátìrì tó kẹ́yìn ti kú, ọkọ̀ ojú omi sì gbé Mínísítà padà síbi tí mọ́tò rẹ̀ ń dúró dè é, nítorí wọ́n ń retí rẹ̀ níbòmíràn. Ìkùukùu ti bo oòrùn. Akọ̀wé Ìròyìn fi fóònù sétí, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, àwọn panápaná á bójú tó ìyẹn lọ́la.

“A ti sọ fún wọn, Ojú,” Àwòdì wí bó ti ń ká apá ẹ̀rọ náà. “Ẹnu wa ò dákẹ́.”

Òótọ́ ni, ẹnu wọn kò dákẹ́. Ojú gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí oògùn ẹ̀fọ́rí, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, orí rẹ̀ kọ̀, kò mì mọ́. Bí ìyá wọn bá béèrè pé ṣé ó máa jẹun, á fi ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọrùn rẹ̀ á le gan-an. Ìyá ní ó ti fi ọrùn sùn sódì, ó bá a fi omi gbígbóná jó o títí, kò gbọ́. Èyí tó burú jù ni pé ó ti ń rí àwọn èèyàn láti òkè. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀, Ojú á sì rí àárín orí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni pé òun ló ń fò lábẹ́ àjà. Fíríìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ ibi tí òun dúró sí tó gbójú sókè, tó ń wo òun, tó sì fara balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ló ń dẹ́rù bà á. Ká ní obìnrin náà ń sunkún ni, ì bá sàn.

Kò sọ fún Àwòdì. Kí ni yóò sọ? Àwòdì kò rí i.

Nígbà tí omi fà, ilé iṣẹ́ Mínísítà rán wọn lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n kó àwọn tí omi wó ilé wọn sí, kí wọ́n lọ ya ìgbé ayé wọn níbẹ̀. Káfíńtà àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kan ẹsẹ̀ àga tó ti yẹ̀. Nígbà tó rí àpótí ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, ó gbé òòlù kalẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ nǹkan yìí, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ṣé ó máa ń parọ́?”

Àwòdì rẹ́rìn-ín. “Kí ló dé, Bàbá?”

“Opó kan wà ládùúgbò wa. Látìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń yà sójúlé ẹ̀ mọ́, àfi onílé tó ń sin owó. Lọ́jọ́ omi yẹn, mo so ilẹ̀kùn méjì mọ́ dúrọ́ọ̀mù, mo fi ń kó èèyàn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àyè ẹ̀ wà, àyè àwọn ọmọ wà. Ó ní rárá, kí n lọ gbé ìyá àgbà elẹ́sẹ̀ egbò tó wà lórí òrùlé kejì, ó ní ìyá yẹn ò lè dúró pẹ́, ó sì máa gba gbogbo àyè yẹn torí kò lè jókòó. Ó ní ẹ̀rọ ìjọba ti rí òun. Mo ní ẹ̀rọ wo? Ó ní òun bi í bóyá wọ́n rí àwọn, ó sì mi orí sí òun. Ẹ wò ó, inú ẹ̀ ń dùn. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti rí i.”

Ó gbé òòlù, ó tún gbé e kalẹ̀.

“Nígbà tí mo padà dé, ilẹ̀ ti ṣú. Ilé ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe òrùlé nìkan o. Ilé.”

Ojú gbá àpótí ẹ̀rọ mọ́ra. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwòdì ló dá a lóhùn, ó ní, “Ẹ̀rọ ò lè mi orí fúnra ẹ̀, Bàbá,” ó sì yíjú sí àbúrò rẹ̀ kó lè bá òun gbè é lẹ́sẹ̀. Bó ṣe rí ojú àbúrò rẹ̀, ó fà á jáde.

Níta, lẹ́bàá mọ́tò, ó béèrè pé, “Ṣé ìwọ lo mi í?”

“Èmi ni.”

“O ò sọ fún mi.”

“Mo rò pé wọ́n máa lọ gbé e ni, Bọ̀dá mi.”

Àwòdì wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. “Èmi ni mo sì mú un dúró fún ẹ.”

Kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Ojú bá ní “sọ̀,” Àwòdì á béèrè pé, “Kí ló wà níbẹ̀?” Bó bá ní “dúró,” á ní, “Torí kí ni?” Kí ó tó dá a lóhùn, ohun tó fẹ́ yà á ti kọjá. Dírónù forí sọ òpó iná ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Oníbàárà kan ní kí ló ṣe tọkọtaya yìí. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé Ìròyìn kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó pè wọ́n sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí wọ́n wá to fíìmù pọ̀. Ó ń wo àwòrán, ó ń jẹ bísíkítì. Àfi lójijì tó fọwọ́ lu tábìlì.

“Ìyẹn! Ìyẹn tó kúnlẹ̀ tó ń dúpẹ́ yẹn! Òun la ó fi parí ẹ̀. Kí ohùn Ọ̀gá máa lọ lábẹ́ ẹ̀ pé, ‘Ìjọba yín rí yín.’ Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀.”

“Sà,” Ojú wí, “òun ni mo bẹ̀ yín nítorí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí mọ́. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀.”

Ọkùnrin náà dẹwọ́ jíjẹ. Fún ìṣẹ́jú kan, èèyàn á rò pé ojú ń tì í. “Ta ló rí òkú ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó rí i, sà.”

“Ẹ ò rí òkú, ẹ ń ṣọ̀fọ̀.” Ó gbọn èérún bísíkítì kúrò láyà. “Ẹ fi síbẹ̀.”

Ilé iṣẹ́ Mínísítà ló ni àwòrán. Wọ́n fi síbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà ni wọ́n ti fi fíìmù náà hàn, lọ́jọ́ tí Mínísítà wá kí àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Mínísítà jókòó síwájú, àwọn tí omi wó ilé wọn jókòó lẹ́yìn. Àwòdì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, Ojú sì fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ojú rẹ̀ kí ó má bàa rí òpin rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ etí ló kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Ìyá àgbà kan ló figbe ta.

“Òun nìyẹn! Ẹ wò ó! Wọ́n ti gbà á! Ó wà láàyè!”

Ojú lajú. Lórí aṣọ funfun, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó pàtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ra wọn, ẹnì kan ń fò sókè, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo ilé. Mínísítà yíjú padà, ìdùnnú rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ó dìde, ó ń juwọ́ sí wọn. Káfíńtà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti wá Ojú rí níbi ògiri, ó ń wò ó.

Ìyá àgbà tó figbe ta náà ń tiro bọ̀ láàárín àwọn èèyàn, aṣọ funfun ni wọ́n fi di egbò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di Ojú lápá mú.

“Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ yà á, àbí? Ẹ mú mi lọ bá a. Èmi ló fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ fún. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ibo lẹ gbé e lọ?”

“A ò gbé e, Màmá.”

“Mi ò gbọ́, ọmọ mi. Ariwo yìí pọ̀.”

“A ò gbé e.”

“Ẹ gbé e lọ síbo?”

Ojú wá pariwo. “A ò gbé e! A rí i, a ò gbé e!”

Àwọn tó wà nítòsí dákẹ́. Àtẹ́wọ́ ń kú lọ síwájú láti ìlà dé ìlà, títí ó fi ku ti àwọn tó bá Mínísítà wá. Ohùn Mínísítà ń lọ lábẹ́ àwòrán pé ìjọba yín rí yín.

Ẹnì kan ti àga sí ìyá àgbà lẹ́yìn kí ó má bàa ṣubú. Ìyá àgbà wo àga náà, ó ní, “Àyè ta nìyí?” kò sì jókòó.