Apẹ̀rẹ̀ Tí Mo Fi Wá Àmì

Ó ti hunjọ. Mo tún gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, níbi tí oòrùn wà, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí... rárá, kì í ṣe ojú. Obì gbànja tó yẹ kó máa dán, tó yẹ kó tutù lọ́wọ́, ara rẹ̀ ti hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀. Mo mú òmíràn. Òun náà. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, mo fa ọ̀kan yọ — bákan náà ni. Ó tán nìyẹn. Ọlọ́run ti fèsì. Ó ní rárá.

Ọ̀la sì ni Tíṣà ń bọ̀. Ó ní lẹ́yìn ìsìn òun á yà sílé mi kí òun tó padà sí Ìsarà, òun á sì gbọ́ èsì. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Ẹ má bínú sà, mi ò lè fẹ́ yín, obì mi ti gbẹ? Èmi Moríyọ̀, odidi obìnrin, tí wọ́n ń ti òkè Ọya wá béèrè obì lọ́wọ́ mi ní Ṣàgámù... ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọkùnrin nìyẹn.

Àbí èmi kọ́ ni mo fọwọ́ ara mi fà á? Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí — Tíṣà ni gbogbo ìjọ ń pè é — lọ́jọ́ tó wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, apẹ̀rẹ̀ méjì ni mo ń dì lọ́wọ́. Ewé gbòdògì nísàlẹ̀, ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́, obì láàrin, ewé lórí. Bó ṣe lọ tán ni mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú wọn, mo ní: Baba, bí apẹ̀rẹ̀ yìí bá ṣì dára títí Tíṣà yóò fi padà wá gbọ́ èsì, Ìwọ lo ní kí n fẹ́ ẹ. Bó bá bàjẹ́, mo ti gbọ́. Ó dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ṣebí àwọn ará àtijọ́ inú Bíbélì náà béèrè àmì, Ọlọ́run ò sì bínú sí wọn. Ó kúkú bọ́gbọ́n mu... tàbí kò bọ́gbọ́n mu?

Kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ dídùn kankan. Bóyá ìyẹn ló mú mi lọ́kàn. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀, ọkùnrin tó ti sin ìyàwó, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Mi ò ní parọ́ fún yín, Ìyá Ànú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà sí i, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bá Ọlọ́run sọ ọ́." Kò rọ̀ mí. Ó dìde, ó gbọn eruku lára ṣòkòtò, ó dágbére fún mi, ó lọ.

Ọkàn mi sì... rárá. Kí n má tíì débẹ̀.

Ànú náà ò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi, tó yẹ kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀ ní yunifásítì, ń ṣe ló ń fi fóònù wádìí mi bí ìyá ọkọ. "Mọ́mì, ẹ fi àmì sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ fẹ́ràn wọn àbí ẹ ò fẹ́ràn wọn?" Mo ní kó lọ kàwé. Mo yára pa fóònù nítorí pé ẹ̀rín ti ń pa mí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́. Ìyá arúgbó tí ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ọmọge.

Ṣùgbọ́n obì ti gbẹ. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Bóyá Ọlọ́run kàn ń dáàbò bò mí ni, kí n má tún rí irú ọjọ́ tí mo rí nígbà Máyọ̀kún... Máyọ̀kún ọkọ mi, tó jí láàárọ̀, tó ní orí ń fọ́ òun, tí a gbé lọ sí ọsibítù, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo padà wálé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí èyí náà bá tún lọ ńkọ́? Bí wọ́n bá tún fi aṣọ dúdú wọ̀ mí, bí wọ́n bá tún wá jókòó tì mí nínú yàrá ọ̀fọ̀ yẹn, tí mo bá tún —

Mi ò fẹ́. Mi ò tún fẹ́ mọ́.

Hàmdálátù ti fura sí mi. Ìsọ̀ tirẹ̀ ló kọjú sí tèmi, òun náà ń ta obì, kò sì sí ohun tí mò ń ṣe tí kò rí. Àná ni kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ìyá Ànú, apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo yìí lẹ̀ ń tú láàárọ̀, lẹ tún ń tú nírọ̀lẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbẹ ni?"

Mo ní kòkòrò ni mò ń ṣà. Kòkòrò wo? Kò sí kòkòrò kan nínú rẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni. Mo dé ìsọ̀, mo lọ wò ó. Mo jẹun tán, mo lọ wò ó. Oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ojú mi ń lọ síbẹ̀...

Dúró ná.

Ṣé ẹ fẹ́ kó gbẹ ni.

Moríyọ̀, dúró ná. Ta ló mú kí obì yìí gbẹ?

Ìyá mi a máa gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ṣí ewé lórí obì láìnídìí. Èdè Rẹ́mọ paraku ni yóò fi bú mi. Á ní atẹ́gùn ni ikú obì. Á ní bí èèyàn bá ti di obì, kó fi í sílẹ̀ kó sùn. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣà á ni kí wọ́n tó tú u. Kí n tó mọ a, b, d ni mo ti mọ ìyẹn. Ọmọ olóbì ni mí. Mo wá fi ọwọ́ ara mi mú kí obì ara mi gbẹ, mo sì dì í ru Ọlọ́run pé Òun ló mú kó gbẹ. Ẹ̀rín ń pa mí. Ojú ń tì mí, ẹ̀rín ṣì ń pa mí.

Apẹ̀rẹ̀ kejì ń bẹ ní kọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ọjọ́ kan náà ni mo dì í, ewé kan náà, ọwọ́ kan náà. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Bí mo bá tú u báyìí, tó sì ń dán... a jẹ́ pé Ọlọ́run sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Mo ti dé ibẹ̀. Mo ti di etí ewé mú.

Bí òun náà bá gbẹ ńkọ́? Ṣé màá wá ẹ̀kẹta? Bó bá sì dára, ṣé mi ò ní ní kí n tún wo ọ̀kan sí i kó lè dá mi lójú? Kí ni mò ń wá gan-an?

Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi láti ọjọ́ yìí, mò ń gbé e mì. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti jókòó sórí àpótí yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀. Mo gbàdúrà sí i, ó balẹ̀. Mo gbààwẹ̀ sí i, ó balẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Ọlọ́run ṣe onídùúró fún mi pé ọkùnrin yìí kò ní kú. Òun ni mò ń wá lábẹ́ ewé. Ìlérí tí Ọlọ́run ò ṣe fún aya ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ obì.

Nígbà tí Máyọ̀kún kú, ta ló fi àmì hàn mí? Kò sẹ́ni tó lálàá sí mi. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Mo kàn ń jí ni, mò ń sọ pé Olúwa, tòní, mo sì ń wọ bàtà. Ọ̀nà ò hàn ju ibi tí ẹsẹ̀ mi wà lọ, mo sì ń rìn ín. Ní àwọn àárọ̀ tí mi ò lè dìde, Hàmdálátù ló ń bá mi ṣí ìsọ̀, kò sì jẹ́ kí n dúpẹ́. Ànú ṣe ìdánwò, ó yege. Ó tún wá di ọjọ́ kan, mò ń bó obì lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tó ń kọrin, àfi bó ṣe jẹ́ pé èmi ni. Ibi tó ṣókùnkùn jù lọ nínú ayé mi, mo ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọlọ́run wà níbẹ̀. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Òun á wà níbẹ̀, mo kàn débẹ̀ ni mo bá A. Ojú tó ti rí òkun, kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Mo jọ̀wọ́ etí ewé. Kó máa sùn.

Inú mi ń dùn. Inú mi ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ sí. Olúwa, mo fẹ́ ọkùnrin yìí. Bó bá pẹ́ láyé, màá dúpẹ́. Bí kò bá sì pẹ́... ẹnu mi ló sọ ọ́ yẹn, ilẹ̀ ò sì lanu. Bí kò bá pẹ́, Ẹni tó bá mi rìn lẹ́ẹ̀kan á tún bá mi rìn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kò tíì lọ, bóyá kò tilẹ̀ ní lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ni yóò dá Tíṣà lóhùn lọ́la. Èmi ni.