Ilé tí Jímọ̀ Kàn fún Aáyán

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ìró ayùn nínú yàrá, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ṣíbí sínú ìkòkò ọbẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí Jímọ̀ ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ìdùbúlẹ̀, kò sì bèèrè irinṣẹ́ kankan títí di àárọ̀ ọjọ́ náà tó ní kí ó gbé ayùn àti pákó sún mọ́ òun.

Jímọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Káfíńtà tí wọ́n ń ti Nkpor, ìlú tó wà lẹ́bàá Onitsha, wá bẹ̀ níṣẹ́ ni. Ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni òun àti aya rẹ̀ ti Ìwó wá sí Onitsha, nítorí wọ́n ní ìdajì ìlú ló wà láìlórùlé, ẹni tó bá mọ òòlù í mú kò ní í ṣíwọ́ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ó kan òrùlé títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Lọ́dún Údójì, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù, tí olúkúlùkù ń kọ́lé, tí ẹni tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ń ra tẹlifíṣọ̀n, ni igi tí wọ́n so fún iṣẹ́ òkè já lábẹ́ rẹ̀ lára ilé alájà mẹ́ta kan. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dá. Àwọn dókítà ṣe é títí, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Láti ìbàdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, bí èèrà bá bù ú jẹ, kò mọ̀.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Woliwo, àdúgbò kan ní Onitsha. Láàárọ̀, Morẹ́nikẹ́ á wẹ̀ fún un, á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á gbé omi àti búrẹ́dì sítòsí rẹ̀, á sì ru ìrẹsì tó sè lọ tà níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já sìmẹ́ńtì. Ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Àmínát, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Ìwó lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Àtàárọ̀ dalẹ́, Jímọ̀ àti ògiri ni wọ́n jọ ń wo ara wọn.

Aáyán wà lára ògiri náà, àwọn ńlá pupa tó ń ti gọ́tà wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò. Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju èérún búrẹ́dì sí wọn. Kò pẹ́, wọ́n ń gun apá rẹ̀. Ilé tó ń fi ayùn rẹ́ pákó fún, tiwọn ni: ilé kékeré bí àpótí tó ní fèrèsé, tó fi nẹ́ẹ̀tì bò, tí òrùlé rẹ̀ gún régé. Aáyán márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn àti máa gun òkè ló sọ ní Agùnlé.

“Ìyá Àmínát, wò ó,” ló wí. “Ó ti mọ ohùn mi.”

Ara Morẹ́nikẹ́ bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tó ti rí kẹ́yìn. Ó ní, “Mo rí i, Bàbá Àmínát,” ó sì lọ bu oúnjẹ.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Morẹ́nikẹ́ ń tú aṣọ tó fi di abọ́ ìrẹsì níwájú àwọn oníbàárà, ni aáyán ńlá kan bá jáde láti ìṣẹ́po aṣọ náà, ó gba orí ìrẹsì kọjá. Kò mọ̀ bóyá ti inú àpótí ni tàbí ti ògiri. Awakọ̀ kan gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀.

“Madam, wetin be dis?”

Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, alábàárù kan tó mọ ilé wọn ti ń sọ fáwọn tó kù pé ọkọ rẹ̀ ń sin aáyán nílé, pé ó kọ́lé fún wọn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Nkpor, ó ti di pé oògùn tí obìnrin Yorùbá náà fi ń pe èrò ni.

Lọ́jọ́ kejì, Mama Ngozi tó ni ilé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àpótí náà. Obìnrin tí ojú rẹ̀ rí ogun ni.

“Mama Àmínát,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “nígbà ogun, a jẹ aláǹgbá. N kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn ayálégbé yòókù. Kí nǹkan yìí kúrò lónìí, tàbí kí ẹ̀yin kúrò.”

Ó lọ tán, Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá Àmínát, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú wọn sílẹ̀.”

Jímọ̀ fi ọwọ́ bo àpótí náà. “Láti ìgbà tí mo ti ṣubú ni ẹ ti ń tọ́jú mi, ìwọ àti gbogbo èèyàn. Èmi náà wá rí nǹkan tọ́jú. Ìyẹn nìkan ni mo ní.”

“Tí wọ́n bá lé wa, ibo ni kí n gbé yín sí?”

Jímọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí àpótí náà.

Morẹ́nikẹ́ kò lè fi fílíìtì, oògùn apakòkòrò, pa wọ́n. Ó gbé ilé kékeré náà lọ sẹ́yìn, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn, ó ká òrùlé rẹ̀, ó rò pé wọn á sá wọ gọ́tà. Wọn kò sá. Ọwọ́ tó ń bọ́ wọn ni wọ́n ń retí. Adìẹ Mama Ngozi mẹ́rin sáré dé. Ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni kò jẹ́. Àwọn yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé adìẹ wà láyé. Morẹ́nikẹ́ fi ìgbálẹ̀ lé àwọn adìẹ síhìn-ín, ó lé wọn sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kí ó tó yíjú padà, aáyán ti tán.

“Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣá wọn jẹ,” Jímọ̀ wí láti inú ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á jẹ, kò ní í wo ẹni tó ń fi sí i. Bí Morẹ́nikẹ́ bá yí i sí ẹ̀gbẹ́, á fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ padà, títí egbò fi dá sí i lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà náà kò padà. Ó ru ìrẹsì lọ sí Nkpor, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìrẹsì á kan, á dà á nù.

Nígbà tó sú u, ó kọ̀wé sí Sànúsí, ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ tó wà ní Ìwó. Sànúsí gbé ọkọ̀ wá, ó ní kí Morẹ́nikẹ́ di ẹrù, kó máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n tẹ́ Jímọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Morẹ́nikẹ́ na ọwọ́ láti tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe.

“N kò mọ̀ pé àwọn aáyán náà ò ní í sá,” ó wí.

“Mo mọ̀.” Ojú Jímọ̀ wà ní dídì. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ ń fi ẹrù dídì falẹ̀, kò tíì dì í tán tí lẹ́tà Sànúsí fi dé pé Jímọ̀ ti kú. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti sin ín. Mama Ngozi wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ní “Ndo, pẹ̀lẹ́,” ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í bóyá yóò máa lọ sílé báyìí. Morẹ́nikẹ́ tún lẹ́tà náà kà. Sànúsí kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Àmínát ń ṣe dáadáa, pé ìyá bàbá rẹ̀ ló ń pè ní ìyá, kò sì bèèrè ẹnikẹ́ni.

“N kò tíì mọ̀,” ó dáhùn. Ó dìde, ó kó àwọn ìkòkò jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò sè fún.