Ògiri Tí Kò Jẹ́ Kí Ignatius Dọ̀bálẹ̀

"Màmá, ilé yìí tutù débi pé ewúrẹ́ tó wọ ibẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ọ̀fìnkìn ló fi jáde. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń sín! Bí ẹ bá gbé omi sí pálọ̀, kí ẹ tó yíjú padà, ó ti di yìnyín. Ògiri rẹ̀ ńkọ́? Tírélà já lù ú lánàá. Tírélà ló bẹ̀bẹ̀!"

Kò sí ọ̀nà tí tírélà lè gbà dé ẹ̀yìn ìlú Upenmen níbi tí Ignatius ti ń kọ́lé. Ilé ọ̀hún kò tíì ní òrùlé pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ẹnu Ignatius bá ti là, ó dìgbà tó bá rẹ eyín kó tó padé.

Lórí fóònù, Màmá Zipporah, ìyá ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀wọ̀, kàn ní, "Ó dáa. Mo ti kọjá Idasen lórí ọ̀kadà. Mò ń bọ̀ wá wo yìnyín náà."

Inú Ignatius ni yìnyín ti kọ́kọ́ dì.

Ìyá yìí ló ni ilẹ̀. Kò sì fi epo bọ iyọ̀: bí òun bá dé tí ilé amọ̀ náà dúró dáadáa, òun ti fún Tẹniọlá ọmọ òun ní ilẹ̀ náà, bí kò bá dúró, kí Ọlámúyìwá, àbúrò Tẹniọlá, gbin kòkó síbẹ̀.

Ilé gidi ni tọkọtaya náà dáwọ́ lé. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn àti àwọn ọmọ wọn ń sùn títí yóò fi parí. Amọ̀ inú ilẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, kò sí sìmẹ́ǹtì. Wọn kò gé igi àgbálùmọ̀ ojúde, kó lè máa ṣíji bò wọ́n. Òjò orí òrùlé ni wọn yóò máa gbà mu. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ní àṣà tirẹ̀: a ó mọ ipele kan, a ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ká tó gbé òmíràn lé e. Ògiri mẹ́ta àkọ́kọ́, Tẹniọlá dúró ti Ignatius, kò jẹ́ kó kánjú. Lọ́jọ́ tí Tẹniọlá lọ sí Àkúrẹ́, ni Ignatius bá gbé ògiri iwájú láti ìsàlẹ̀ dé èjìká lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe ju fóònù sápò báyìí, ó gbọ́ "kẹ̀rẹ̀". Ògiri iwájú ti yọ ikùn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ pé. Ignatius sáré fi ẹ̀yìn tì í. Ògiri dákẹ́. Ó yọ ẹ̀yìn díẹ̀. Kẹ̀rẹ̀! Ó dá ẹ̀yìn padà kíá. Bí Ignatius ṣe di òpó ilé ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kadà Sùlè já wọ ojúde, Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Tẹniọlá jáde láti ìdí ààrò, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ó wá ku àna. Níwájú ìyá ìyàwó, àyà ọkùnrin kò gbọdọ̀ má kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá!" Ignatius kígbe, ó ń mi orí bí alángbá.

Màmá tún báàgì rẹ̀ mú. "Ignatius, èmi lò ń kí lóòró báyìí, bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Benin?"

"Màmá, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Òkúta kan tó tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dá gbé láàárọ̀."

"Yí padà kí n fi róòbù pa á. Iṣẹ́ tí mo ṣe dàgbà nìyẹn."

"Rárá o! Màmá, òtútù ògiri yìí ni. Ó ti dì mí mọ́ra. Yìnyín!"

Sùlè pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ jẹ́ ká fà á, Màmá. Ẹni tí yìnyín bá mú, fífà ni wọ́n ń fà á."

"Sùlè, bí o bá fọwọ́ kàn mí, màá ju ìwọ àti ọ̀kadà rẹ dé Ìfọ́n!"

Òógùn ń ya lójú rẹ̀. Amọ̀ tútù ń wọ́ wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá dúró, ó ti tàbùkù àna. Bó bá dọ̀bálẹ̀, ilé lọ, ilẹ̀ lọ. Òun ló mọ ògiri, ògiri sì ti mọ òun mọ́bẹ̀.

"Tẹniọlá," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "pe àwọn ọmọ rẹ, ẹ kó ẹrù. Ibi tí wọn ò ti lè kí mi, ọmọ mi kò ní sùn níbẹ̀."

Tẹniọlá wo ojú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Gbénga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dọ̀bálẹ̀."

Ignatius di ojú. Ó nà gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, Màmá!"

Wùúù! Ògiri tẹ̀lé e. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ tán, orí Ignatius nìkan ló yọ síta, bí ti ahun.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?" ni orí náà wí. "Ògiri mi lẹ́kọ̀ọ́! Ó rí i pé mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀."

Sùlè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ amọ̀ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ rì wọlé bí ẹni fọwọ́ bọ iyán.

"Ìgbà wo lo mọ èyí?"

"Ó ti lé lọ́dún, Màmá."

"Àná ni," ni Tẹniọlá wí.

Màmá lọ fi ìkúùkù lu ògiri mẹ́ta tó kù. Wọ́n dún kó, kó, bí òkúta. "Àwọn yìí ńkọ́?"

"Òun náà ni, Màmá," ni Tẹniọlá dáhùn. " Èmi ni mo ń dá a dúró kí wọ́n gbẹ."

"Ilẹ̀ di tìrẹ nìyẹn. Máa dá a dúró lọ. Ọlámúyìwá á wá ibòmíràn gbin kòkó." Ó wá fa pákó kan yọ nínú ẹrẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ó ti lé lọ́dún, àbí?"

Ignatius ti yọ́ jáde. Sálúbàtà rẹ̀ kan ló kù nínú amọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí lójú ọ̀nà Idasen, ẹrẹ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀ gbọ̀nwàràgbọ̀nwàrà, ó ń sá lọ bí ẹni tí tírélà tó bẹ̀bẹ̀ lánàá ń lé bọ̀.