Àbúrò Tó Kọ́kọ́ Bàlágà

Ohùn Olúwaṣeun ló kọ́kọ́ yí padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì sanra dáadáa; ọrùn rẹ̀ kún, apá rẹ̀ kún, ikùn rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tí Àjíǹde fi máa kọjá, tó bá pe Fọláyẹmí, ìyá rẹ̀, láti balùwẹ̀, obìnrin náà á rò pé àlejò ọkùnrin kan ló dé. Kò pẹ́ sí i, irunmú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yọ lókè ètè rẹ̀, irun abíyá náà sì tẹ̀lé e.

Ìyẹn nìkan kì bá tí jẹ́ wàhálà. Ṣùgbọ́n Akínkúnmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ara rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti ọmọdé. Bẹ́líìtì ló ń bá a di ṣòkòtò iléèwé mú, àbúrò rẹ̀ sì ti ga jù ú lọ.

Fọláyẹmí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí bàbàrà. Kọ́tìnì ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Okokomaiko, ó sì jẹ́ obìnrin tó fẹ́ràn àwàdà. Bí oníbàárà bá bi í pé èwo ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ náà, á ní, "Èyí tó kéré yẹn ni o. Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ má ṣì í mú mọ́." Á bú sẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò kíyè sí i pé Kúnmi kì í bá òun rẹ́rìn-ín.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ ní Ìbà. Ní ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàó ló ń to àwọn èèyàn sórí ìlà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ náà ni, kò tíì mọ àwọn ọmọ ìjọ dáadáa. Ó fọwọ́ kan Ṣeun léjìká, ó ní, "Bọ̀dá, ìlà àwọn ọ̀dọ́ lẹ máa tò sí." Ó wá di Kúnmi lọ́wọ́ mú, ó fi àbẹ́là kékeré lé e lọ́wọ́, ó sì tì í sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.

Ṣeun ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Kúnmi kò kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n kò kọrin rárá títí wọ́n fi túká.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ẹ̀bà àkọ́kọ́ kì í tó o mọ́. Kò pẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ sì rí róbótó. Inú Fọláyẹmí dùn. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé oúnjẹ òun ti ń wọ ọmọ náà lára.

Ọjọ́ tó fẹ́ wọ̀n ọ́n fún sùtánà tuntun ni ara fu ú. Ojú ọmọ náà tóbi, ikùn rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n apá àti itan rẹ̀ kò fi ohunkóhun kún ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jin wọnú, kò sì tètè padà. Ó ká téèpù rẹ̀, ó jókòó.

"Kúnmi, kí lò ń lò?"

"Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì."

"Mi ò bi ọ́ bóyá nǹkan wà. Mo bi ọ́ pé kí ni."

Ọmọ náà lọ síbi báàgì iléèwé rẹ̀, ó sì mú ọ̀rá kékeré kan tí oògùn oníhóró wà nínú rẹ̀ jáde.

"Oògùn ìsanra ni. Bọ̀dá kan tó ń kiri oògùn ní Ìyànà Ìbà ló tà á fún mi."

"Ta ló sọ fún ọ pé kó o sanra?"

"Mọ́mì, ẹ wo Ṣeun! Ó sanra, ó sì ti di ọkùnrin. Mo kà á lórí fóònù pé àwọn ọmọkùnrin tó bá sanra ló máa ń tètè bàlágà. Èmi pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tí mi ò bá sanra, bí mo ṣe máa wà rèé." Omijé dà lójú rẹ̀.

Fọláyẹmí ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ṣùgbọ́n orí ọmọ náà ló rọra gbé e lé. Ó rántí gbogbo àwàdà tó ń fi í ṣe lójú àwọn oníbàárà. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ rí dókítà."

Ògúndìran, ọkọ rẹ̀, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Alábà, kò fẹ́ gbọ́ rárá. "Ìyá Kúnmi, ọ̀rọ̀ abẹ́ ọmọkùnrin lo fẹ́ gbé lọ síta?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ ni mo fẹ́ gbé lọ. Ẹ tètè dé láti Alábà, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà Tàjúdéènì, bàbá olóhùn jẹ́jẹ́ kan, ló dá wọn lóhùn ní ilé ìwòsàn. Ó wo oògùn náà, ó mi orí. "Oògùn gidi ni, àìsàn tó le ni wọ́n ń fi í wò. Omi àti ọ̀rá ló ń kó jọ sójú àti ikùn, kì í ṣe okun. Tó bá pẹ́ lára ọmọ, ó tún lè dí i lọ́wọ́ kó má dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ má kàn sọ pé kó dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà o. Èmi ni màá sọ bó ṣe máa dín in kù."

Ó pe Kúnmi àti bàbá rẹ̀ wọ yàrá inú, ó yẹ ọmọ náà wò. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀rín ló wà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ohùn àti irunmú kọ́ ló máa ń ṣáájú. Kóró ẹpọ̀n ló kọ́kọ́ máa ń tóbi, ti Akínkúnmi sì ti ń tóbi. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì hàn síta ni."

Kúnmi gbójú sókè. "Ṣé irọ́ lohun tí mo kà nígbà yẹn, sà?"

"Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Ọ̀rá ara máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ wà nípamọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó sanra máa ń ṣáájú, ọ̀pọ̀ àwọn tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì máa ń tẹ̀yìn dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Mo ti rí àwọn tó sanra gan-an tó sì pẹ́. Ti ìdílé náà wà níbẹ̀. Bàbá, báwo ni tiyín ṣe rí?"

Ògúndìran húkọ́. "Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ohùn mi tó yí padà. Sìsí ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì."

Fọláyẹmí yíjú sí i. "Ẹ̀yin? Ẹ ò sì sọ fún ọmọ yìí látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?"

Kúnmi ń wo irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ àti apá rẹ̀ tó rí gìrìwò, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Ẹ̀rín pa á. Ó rín in títí ó fi di ikùn mú.

Ṣeun náà bi dókítà bóyá òun ti yá jù. Dókítà ní rárá, ó ní láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ni ọmọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀; kó kàn dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù, kó sì máa ṣeré ìdárayá. Ó ní kí àwọn méjèèjì máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé oògùn mì láìsọ fún òun.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Ṣeun sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe tóbi yìí kì í dùn mọ́ mi o. Tí gbogbo kíláàsì bá ṣẹ̀, èmi ni tíṣà ń nà jù. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù láti sunkún."

Kúnmi kò ro ìyẹn rí. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi gbá a lọ́rùn mọ́ra, wọ́n sì jọ ń rìn lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fọláyẹmí lọ bá ẹni tó ń kiri oògùn náà. Kò pariwo. Ó dúró tì í, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á ohun tó ṣe ọmọ òun. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwàdà èwo ni àkọ́bí yẹn náà tán lẹ́nu rẹ̀.

Oògùn náà kúrò lára Kúnmi díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà. Kò sanra, kò sì wá ìsanra mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Kérésì, òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ kórópé lọ fi kọ́tìnì kọ́ fún oníbàárà kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀, Kúnmi kígbe sí awakọ̀ pé, "Ó wà o!" Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ bíi ti àgbàlagbà, ó fò lọ sókè, ó sì já sí méjì láàárín.

Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú wò ó, ẹ̀rín sì sọ. Kúnmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wú àyà jáde, ó gba ẹ̀mí sínú, ó sì tún pariwo sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ:

"Mo ní ó wà o, ọ̀gá!"