Ẹ̀rọ Tí Kò Lẹ́nu

Mo yí ẹ̀rọ géèmù tuntun náà po. Mo fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa á lẹ́yìn. N ò rí ibi tí àwo géèmù ń gbà wọlé.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ẹ̀ dà?"

Àbúrò ọkọ mi ló gbé e wá. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí pé ọ́fíìsì ló ń lọ. Ọkọ mi ló dá yàrá géèmù yìí sílẹ̀ kó tó kú: tẹlifíṣọ̀n, àga, ẹ̀rọ tó ti gbó, àti àwo géèmù tó kún pákó ara ògiri. Àwọn tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ á wọlé, wọ́n á sanwó, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa bú ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ayé ti kọjá àwo. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Gbogbo géèmù yẹn ni mo ti gbà sílẹ̀."

"Ẹ gbà wọ́n sílẹ̀? Lọ́wọ́ ta ni?"

Kápẹ́ńtà tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tá lèèyàn ti ń gba nǹkan sílẹ̀.

"Ó ti wọnú ẹ̀rọ, ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

"Páásíwọọ̀dù tó ń bèèrè yìí ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló wà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Bàtà ẹ̀ ni mò ń wò. Kò bọ́ ọ kó tó gun kápẹ́ẹ̀tì.

N ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà. Àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀. Àfi ọjọ́ tí Akọ̀wé pè mí pé kí n wá fọ aṣọ òun. Mo ní èrò wà ní yàrá. Ó pa fóònù. Kò pẹ́, tẹlifíṣọ̀n ṣú, ó ń bèèrè páásíwọọ̀dù.

Awakọ̀ kan fò dìde. "Góòlù mi dà? Mo ti fẹ́ gbá a wọlé!"

"Ẹ̀rọ náà gbọ́n," kápẹ́ńtà dá a lóhùn. "Ó mọ̀ pé ò ń rẹ́nijẹ."

Mo pe Akọ̀wé padà. Ó ní tí mo bá fọṣọ tán, òun á ṣí i látorí fóònù òun.

Mo lọ. Mo fọ̀ ọ́. Ó ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé páálí wá, ó ní òun fẹ́ kó àwo lọ tà, pé wọn ò wúlò mọ́. Mo dúró síwájú pákó.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí lo wí?"

"Mo ní... ẹ fi í sílẹ̀. Àwo yìí, tí mo bá ti fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń ṣeré. Kì í bi mí bóyá mo ti fọṣọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ra gbogbo ẹ̀!"

"Ó rà wọ́n, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìwọ ò ra nǹkan kan fún mi. Okùn lo so mọ́ mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti wọlé wọn, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Awakọ̀ rọra gbé páàdì tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

"Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ. Tó bá dùn ọ́, lọ yí páásíwọọ̀dù padà!"

Kápẹ́ńtà fọwọ́ bo ẹnu. Akọ̀wé fa wáyà yọ, ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ há abíyá. "Ẹbí á gbọ́!"

"Kí wọ́n gbọ́!"

Ó lọ. Mo so ẹ̀rọ àtijọ́ padà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo fi etí ìró mi nu àwo kan, mo tì í wọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹbí ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò jẹun dáadáa. Àmọ́ mo ti nu àga sílẹ̀ dè wọ́n. Kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n sọ tiwọn. Àwo kan ò ní kúrò lórí pákó yẹn.